Erékùṣù tí Wọn Ò Tà

Ká má parọ́ fún ara wa, ọ̀rọ̀ físà ló gbé mi dé Seychelles. Kì í ṣe pé mo ti ń lá àlá erékùṣù láti kékeré. Èmi àti ìyàwó mi ti tu owó ìsinmi jọ fún ọdún kan àti ààbọ̀, ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan tí mi ò ní dárúkọ sì ti dá ìwé mi padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Lẹ́tà tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí èkejì dé, ìyàwó mi gbé fóònù rẹ̀, ó ní, "Ṣé kò wá sí ibì kankan láyé yìí tí wọ́n á ti jẹ́ ká wọlé láìwádìí ìdílé bàbá wa ni?"

Ó wà. Seychelles kì í béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kankan. Ẹ ó gba ìwé àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fi ibi tẹ́ ẹ máa sùn hàn wọ́n àti tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi padà sílé, ó parí. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, erékùṣù 115 láàárín Òkun Íńdíà, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi 100,000 àti díẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé Agége nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa. A wọ bàálù láti Èkó dé Addis Ababa, a wọ òmíràn dé Mahé, tó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù náà, a sì gba yàrá sí Beau Vallon, nítòsí etí òkun.

Bí ẹ bá ti wo fídíò àwọn tó ń lọ síbẹ̀, ẹ ó ti rí àwọn erékùṣù aládàáni. Ẹnì kan tàbí ilé iṣẹ́ kan ló máa ń ni gbogbo rẹ̀, wọ́n á kọ́ ilé mélòó kan sí i, wọ́n á wá ta ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún àwọn olówó. North Island jẹ́ ọ̀kan. Frégate jẹ́ ọ̀kan. Owó tí wọ́n ń gbà fún òru kan ṣoṣo níbẹ̀ á gba ilé ọdún kan fún èèyàn ní Yábà, ṣéńjì á tún kù. Wọn ò kọ́ ìyẹn fún àwa. Èyí tí àwa lọ, owó ọkọ̀ ojú omi àti oúnjẹ ọ̀sán la san. Moyenne lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ò pé hẹ́kítà 10, bíi éékà 24 péré. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rìn á yí i po kí wákàtí kan tó pé.

Mo dárúkọ éékà yẹn torí pé mo ní ìdí láti máa ronú lórí éékà lọ́jọ́ yẹn. A ò tíì kúrò ní èbúté ní Victoria tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi fi wọlé sórí WhatsApp. Ẹ mọ irú ohùn tí àwọn ẹ̀gbọ́n máa ń fi ránṣẹ́, èyí tí kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "báwo ni". Ó ní, "Àbúrò, ẹni tó fẹ́ ra oko Bàámi ti ṣe tán o. Owó ti délẹ̀. Fọwọ́ sí ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sínú email rẹ, kó o dá a padà lónìí. Ìwọ nìkan ló kù."

Oko Bàámi, éékà mẹ́fà ni, lójú ọ̀nà Ìdànrè. Kòkó ló pọ̀ jù níbẹ̀, obì díẹ̀, ọsàn díẹ̀. Tíṣà ni Bàámi. Ọjọ́ Sátidé àti ìgbà tí iléèwé bá gba ìsinmi ni wọ́n fi gbin gbogbo rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti lọ. Àwa ọmọ mẹ́ta tí wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, èmi wà l'Ékòó, mò ń kọ kóòdù. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń bá wa mójú tó oko náà, wọ́n á fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí kòkó bá dára, nígbà tí kò bá dára wọ́n á fi àlàyé ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ gé gbogbo igi yẹn kúrò, kó pín ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì. Èmi náà ti sọ pé mo gbà. Kí n sọ òótọ́, mo ti ná owó tèmi tán lọ́kàn: á wọ inú àkántì mi, á jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn tó ń dá ìwé mi padà lè rí i pé èmi náà lówó.

Torí náà mo ní lọ́kàn láti fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ tó gbéra. Íntánẹ́ẹ̀tì ò gbà. Ọkọ̀ gbéra.

Ọkọ̀ náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó jókòó yípo, ẹ ó máa wo òkun lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo omi agbègbè yẹn ni wọ́n ti sọ di ibi ààbò láti 1973, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀. Ẹja pọ̀ bí nǹkan mìíràn: aláwọ̀ ìyeyè abilà dúdú, aláwọ̀ búlúù, àwọn kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Àmọ́ iyùn abẹ́ omi náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kú, ó funfun bí eegun. Omi òkun gbóná jù ní 1998, ó pa èyí tó pọ̀ jù nínú iyùn Seychelles. Èyí tó sì ń gbìyànjú láti padà bọ̀ sípò, ooru 2016 tún lù ú. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ò fi ìyẹn pa mọ́ fún wa. Ó fi ìka tọ́ka sí ibi tó ti kú, ó fi tọ́ka sí ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, bí àgbẹ̀ tó ń fi oko hàn. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wa ní gíláàsì ojú àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń mí, wọ́n ní ká bọ́ sómi. Ìyàwó mi bọ́ sí i. Èmi dúró ti bàtà àwọn èèyàn.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Moyenne, iyanrìn funfun lẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà àpáta ńláńlá tí omi ti fọ̀ dán, lẹ́yìn ìyẹn igbó. Igbó tòótọ́, tó tutù, tí ẹyẹ ń ké nínú rẹ̀. Ohun tó sì yani lẹ́nu nìyẹn, torí pé èèyàn méjì ló fọwọ́ ara wọn gbin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Láti 1915 kò sẹ́ni tó ń gbé erékùṣù náà. Ní 1962, Brendon Grimshaw, ọmọ Yorkshire kan tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lọ sinmi ní Seychelles. Ìsinmi rẹ̀ ti ń lọ sópin nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá a, tó bi í bóyá ó fẹ́ ra erékùṣù. Bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn ní Ọ̀shòdì bóyá ó fẹ́ ra bẹ́líìtì nìyẹn o. Ó rà á, £8,000. Igbó ibẹ̀ ki nígbà yẹn débi pé, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, àgbọn tó bá já láti òkè kì í balẹ̀, inú igbó ló máa há sí. Ní 1973 ló wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tó fi kú ní 2012.

Kò dá ṣe é. René Antoine Lafortune, ọmọ apẹja, ọmọ Seychelles gan-an, ni wọ́n jọ ṣe é. Àwọn méjèèjì ṣánko, wọ́n gbin igi 16,000, mahogany tó lé ní 700 wà nínú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ la ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tó kìlómítà 4.8 yí ká òkè àti ìsàlẹ̀. Wọ́n kó ahun ńlá wá. Ẹyẹ padà wá. Ìgbà tí Lafortune kú ní 2007, bàbá náà ṣẹ́ kù nìkan.

Mo kíyè sí i pé orúkọ òyìnbó yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń pè. Fíìmù wà lórí rẹ̀, ìwé wà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ti Lafortune, gbólóhùn kan ni, wọ́n á sì kọjá. Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé Seychelles ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di 1976. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni á ti bi ọmọ apẹja ní 1962 bóyá òun náà fẹ́ ra erékùṣù. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi bá a ṣe ń gòkè. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má ba ìsinmi òun jẹ́. Ó yẹ kí n dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ mi ò tíì yí èrò mi padà.

Ahun wá ń kọ́? Ẹ gbàgbé èyí tẹ́ ẹ mọ̀, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí igi lẹ́yìn ilé ìyá àgbà. Ahun Aldabra ni tibẹ̀. Akọ wọn lè wúwo tó 250 kìlógíráàmù, wọ́n sì máa ń lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láyé. Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún lórí erékùṣù náà, kò sí okùn lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń rìn. Pátákó kan wà ní àbáwọlé tó ní ká bọ̀wọ̀ fún wọn, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ju wá lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ Yorùbá ni mí o. Bí ẹ bá ti sọ fún mi pé ẹnì kan jù mí lọ, ìdọ̀bálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí mi lára. Mo kúnlẹ̀ ti ọ̀kan, mo fi ọwọ́ ra á lọ́rùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó na ọrùn jáde, ó di ojú, kò sì mira mọ́. Ìyàwó mi ní ojú Bàámi ló jọ nígbà tí wọ́n bá ń gé irun fún wọn. Ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ẹ̀rín sì pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi, n ò wá mọ irú omi tó jẹ́ mọ́.

Nínú gbogbo àlọ́ tí mo gbọ́ ní kékeré, ọ̀kánjúà ni Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ìtìjú ló sì máa ń bá a dé ilé. Ní Moyenne òun ni onílé, àwa là ń tọrọ ọ̀nà.

Àwọn nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí mo máa kàn sáré mẹ́nu bà. Ahoro ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Àwọn Ajá, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó ń kó àwọn ajá tí kò lólúwa síbẹ̀. Ilé ìsìn kékeré kan wà. Ìtàn ìṣúra wà pẹ̀lú, torí àwọn olè ojú òkun fi omi Seychelles ṣe ilé nígbà kan, wọ́n sì ní wọ́n ri owó mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Grimshaw náà gbẹ́ ilẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé bó ṣe ń gbẹ́ ihò ìṣúra náà ló ń gbẹ́ ihò igi.

Ọ̀dọ̀ sàréè ni mo pẹ́ sí. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n wà pa pọ̀. Méjì jẹ́ ti àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn, olè ojú òkun ni wọ́n pè wọ́n. Ìkẹta, bàbá Grimshaw ni. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá kó ẹrù rẹ̀, ó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé lórí erékùṣù, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ìkẹrin, Grimshaw fúnra rẹ̀. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Ìtàn kan gbajúmọ̀ pé ọmọ ọba Saudi kan fi $50 mílíọ̀nù lọ̀ ọ́ kó ta erékùṣù náà, ó ní rárá, òun ò fẹ́ kó di ibi ìgbafẹ́ àwọn olówó. Dípò ìyẹn, òun àti ìjọba jọ ṣe àdéhùn, ní 2008 Moyenne di páàkì orílẹ̀-èdè, ọ̀kan lára àwọn tó kéré jù láyé. Ìdí nìyẹn tí irú èmi fi lè san owó ọkọ̀, kí n sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé.

Ibẹ̀ gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì ti padà. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Email ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé. Mo wo ibi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí. Mo ti fọwọ́ sí ìwé púpọ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú kan ni. Mo pa á dé.

Ká tó padà dé Beau Vallon, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo pè wọ́n.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"O ti fọwọ́ sí i?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Mo lo àǹfààní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, mo sọ ti Moyenne fún wọn, igi 16,000, ahun, $50 mílíọ̀nù. Mo rò pé mò ń sọ ọ́ dáadáa.

"Òyìnbó yẹn," wọ́n ní, "ọmọ mélòó ló bí?"

"Kò bímọ, sà."

"Ẹn-hẹ́n. Bàbá tiwa bí mẹ́ta. Àkọ́bí mi fẹ́ wọ yunifásítì lóṣù kẹsàn-án. Àǹtí rẹ ń wá owó iṣẹ́ abẹ. Ta ló máa ṣánko? Ìwọ? Ìgbà wo lo di àdá mú kẹ́yìn? Ọdún mẹ́ta tí Bàámi ti lọ, ẹ̀ẹ̀melòó lo débẹ̀?"

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo débẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n sin wọ́n, mi ò sì sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò torí bàtà mi. Mi ò sọ ìyẹn fún wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kòkó tó wà níbẹ̀, igi mélòó ni?"

Wọn ò mọ̀. Àǹtí wa ò mọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ò béèrè, kò nílò rẹ̀. Oko tí wọ́n fi rán àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níléèwé, a fẹ́ tà á, kò sẹ́nì kan nínú wa tó lè sọ iye igi inú rẹ̀. Iṣẹ́ èmi sì ni kíka nǹkan. Kóòdù tí mo kọ́kọ́ gbowó fún, láti ka iye ìgbà tí àwọn èèyàn tẹ bọ́tìnì kan ni. Wọ́n ti pa á rẹ́ tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní oṣù kan. Wọ́n ní kì í ṣe torí ìtàn òyìnbó o, torí pé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi tipátipá fọwọ́ mi sí i ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì tá a dé, mo gba ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, mo sì gba ọ̀nà Ìdànrè. Bàbá tó ń mójú tó oko náà wo bàtà rọ́bà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ Tíṣà, ẹ káàbọ̀." Mo ti kọ ètò kékeré kan sínú fóònù yẹn: bí mo bá dúró ti igi, máa tẹ̀ ẹ́, á fi ibi tó wà pa mọ́, màá wá sàmì sí i bóyá ó ń so, bóyá ó ti gbó, bóyá àrùn ti mú un. Bàbá ò nílò ètò kankan. Wọ́n á kàn fi ẹ̀yìn àdá gbá ìdí igi, wọ́n á ní, "Eléyìí ṣì lágbára. Eléyìí, Tíṣà fẹ́ hú u lọ́dún tí wọ́n kú. Eléyìí, ẹ̀yin gan-an lẹ gbé ọmọ igi rẹ̀ lọ́wọ́ wá láti inú mọ́tò, ẹ ò lè rántí."

Mi ò lè rántí lóòótọ́.

Èyí tó ti di ahoro pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò purọ́: owó ni oko yẹn ń fẹ́, ọwọ́ ló ń fẹ́, ó sì ṣeé ṣe ká tà á náà. Ẹ̀fọn jẹ mí débi tí mo fi rò pé màá kú. Igi 412 ni mo kà kí òjò tó lé mi wọ abà. Mo jókòó sórí àpótí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ka iye náà fún wọn: 412, 260 ń so dáadáa, ìyókù ń fẹ́ ìtọ́jú.

Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn wọn.

"Ṣé o ka ti òdìkejì odò?" wọ́n ní.

Mi ò mọ̀ pé a ní nǹkan kan ní òdìkejì odò.